Ìkíni Lójú Títì Ìjọba

Ìdúpẹ́ ló pa bàbá mi. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì fẹ́ kó rọ̀.

Láti Ìbàdàn ni bàbá àti màmá mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Temple Hills, ní Amẹ́ríkà níbí. Kò sí ibi gidi kan tí àgbàlagbà lè fẹsẹ̀ rìn dé ládùúgbò wa, àfi àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì títì ńlá. Ibẹ̀ ni bàbá mi máa ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á lọ ra búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni ò rán wọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí n máa fi ọkọ̀ gbé wọn lọ. Wọ́n á ní, "Ṣé mo yarọ ni?" Wọ́n á dé fìlà, wọ́n á kí gbogbo ilé pé ó dàbọ̀, ó di ọ̀nà.

Títì yẹn fẹ̀, àwọn ọkọ̀ sì máa ń sáré lórí rẹ̀ bíi pé olè ń lé wọn. Ìlà funfun wà níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ sọdá, ṣùgbọ́n kò sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, obìnrin kan dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró fún bàbá mi. Bàbá mi bọ́ sójú títì, wọ́n dé iwájú ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun tí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe: wọ́n dúró, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tẹrí ba díẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Ojú wọn ṣì wà lára obìnrin náà nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé apá kejì títì. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní apá yẹn kò rí wọn, àwọn náà kò rí i.

Obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wa nílé, òdòdó lọ́wọ́, omijé lójú. "He was thanking me," ló ń wí ṣáá. Màmá mi ló tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Wọ́n kí i kú ìrìn, wọ́n kí i kú ìyọnu, wọ́n bu omi fún un. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa. Wọ́n ní gbèsè ni ikú, kò sẹ́ni tí kò ní san án. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní ojú títì ni kí bàbá mi ti san tiwọn?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí bàbá mi. Kì í ṣe lójú àlá. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tí mo dé ibi ìlà funfun yẹn, wọ́n á wà lẹ́bàá títì, fìlà á wà lọ́wọ́ wọn, kì í sí lórí. Màá tẹ bíréèkì. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi á fun fèrè, á bú mi, kò sì jẹ̀bi. Mo gbìyànjú láti máa gba ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé mò ń sá fún bàbá mi. Wọn kì í bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọn kì í wò mí. Àwọn ọkọ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n ń retí ẹni tí yóò dúró. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi.

Mo pe ìjọba káúntì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, pé kí wọ́n gbé iná síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gbé fóònù ṣàlàyé fún mi pé títì yẹn kì í ṣe ti káúntì, ti ìpínlẹ̀ ni, káúntì ò sì lè ri òpó kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀ láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ní Annapolis, olú ìlú ìpínlẹ̀, lóṣù kìíní, káúntì á ṣa àwọn ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù, á sì gbé wọn tọ àwọn aṣòfin náà lọ: owó ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ọsibítù, ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Bí títì wa bá bọ́ sáàárín wọn, ẹnìkan á máa jà fún un níbẹ̀. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọ̀la. Aráàlú lè wá sọ tẹnu rẹ̀ ní gbọ̀ngàn káúntì kí wọ́n tó ṣà wọ́n, ìṣẹ́jú méjì péré.

Mo fẹ́ lọ sọ ọ́ fúnra mi, màmá mi kọ̀. "Ta ni opó nínú èmi àti ìwọ?" Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara ju tèmi lọ. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, two minutes ni o. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà ní ọkọ mi kú síbẹ̀, ẹ gbé iná síbẹ̀. Finish."

"Kí n má kí èèyàn? Ṣé ewúrẹ́ ni mí, tí màá kàn wọlé onílé?"

"Màmá, Amẹ́ríkà la wà."

"Èmi ò gbàgbé ẹnu mi sí airport."

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn, màmá mi kí wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni o, ṣùgbọ́n Yorùbá pọ́nńbélé ló wà nínú rẹ̀. Màmá mi tẹ orúnkún díẹ̀ níwájú gbohùngbohùn. Wọ́n kí alága, wọ́n kí àwọn tó jókòó lọ́tùn-ún, wọ́n kí ti òsì, wọ́n kí gbogbo wọn kú iṣẹ́ ìlú, wọ́n bèèrè àlàáfíà ìdílé wọn. Èyí tó burú jù ni pé lẹ́yìn ìkíni kọ̀ọ̀kan, màmá mi á dúró de èsì. Àwọn èèyàn náà rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mò ń wo nọ́ńbà pupa tó ń sáré wálẹ̀ lára aago, mo di ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ ìjókòó. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Ní ti ọkọ mi..." ni agogo dún. Alága ní, "Thank you, ma'am." Ó pe ẹni tó kàn.

"Ẹ kú ìkíni o," ni mo sọ fún wọn nínú ọkọ̀. A ti ń padà sílé.

"Mo rò pé bí mo bá ti bèèrè ará ilé tiwọn, wọ́n á bèèrè tèmi," ni wọ́n wí. "Mo ń retí kí wọ́n ní, 'Bàbá ńkọ́?' Ìgbà yẹn ni ǹ bá wá sọ fún wọn."

Ohun tó jẹ káúntì lógún lọ́dún yẹn pọ̀. Títì wa kò sí lára wọn.

Nígbà tó di ọdún kejì, n kò kìlọ̀ fún wọn mọ́. Màmá mi rìn lọ síwájú gbohùngbohùn, wọn ò tẹ orúnkún, wọn ò wo ọ̀tún, wọn ò wo òsì. "Ọkọ mi kú lójú títì yín," ni wọ́n wí. "Ẹnìkan dúró fún un, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ mìíràn pa á. Ẹ gbé iná síbẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni èèyàn á máa bẹ ọkọ̀ kó tó sọdá." Ọ̀rọ̀ wọn tán síbẹ̀. Àkókò ṣì kù rẹpẹtẹ. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo àwọn èèyàn náà, àwọn náà ń wò wọ́n, títí agogo fi dún.

Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn, ó sì yẹ kí inú mi dùn. Òtútù ló mú mi. Màmá mi ti wọlé onílé láìkí.

Nígbà tí káúntì kéde ohun tó ń gbé lọ sí Annapolis, títì wa wà lára wọn, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn ọsibítù. Àwọn aṣòfin lè gbà, wọ́n sì lè má gbà. Màmá mi ní kí n sin àwọn lọ ra búrẹ́dì, ẹsẹ̀ la fi rìn. Nígbà tí a dé ẹ̀bá títì, mo yí sí iwájú wọn, mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

Wọ́n wò mí dáadáa. "O kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ilé ńkọ́, mà?"

"Ilé wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, a dúpẹ́."

Ó ku ọ̀kan. "Bàbá ńkọ́?"

Màmá mi yíjú sí ibi tí mo ti máa ń tẹ bíréèkì gan-an.

"Wọ́n wà ńbẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí. "Wọn ò tíì rí ẹni tó máa dúró."