Màmá àti Ìdí Ìkòkò Ìrẹsì

Nígbà tí mo kéré, tí n kò tíì ga ju àdògán ìyá mi lọ, òfin kan wà nílé wa ní Ìléṣà: ẹni tó bá jẹ ìdí ìkòkò ni yóò fọ ìkòkò. Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìrẹsì tó gan mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò amọ̀, tó pọ́n, tó ń dún kàràkàrà lẹ́nu, tó ní òórùn èéfín igi díẹ̀. Ẹran ò dùn tó o! Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi a máa jà sí i. Màmá á ní, "Ẹni tó bá ń jẹun nínú ìkòkò, òjò á rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀." Ta ló gbọ́? Lọ́jọ́ tí mo jẹ ẹ́ tán tí mo sá lọ ṣeré tẹ́ńtẹ́ń láìfọ ìkòkò, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, apá méjèèjì lókè, títí oúnjẹ alẹ́ fi jinná. Òjò sì rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Màmá yìí kan náà ló wá kí wa ní Snellville níbí, lókè òkun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wọn ò jẹun! Mo se ìrẹsì, wọ́n ní kò lóòórùn. Mo ro pándò, iyán oníyẹ̀fun, wọ́n ní ṣé kí àwọn fi lẹ ìwé ni. Bùbá wọn ti ń bọ́ kúrò léjìká. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ń bẹ aláìsàn kó jẹun ní shift, mo tún ń délé bẹ ìyá mi. Ó sú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ará Íńdíà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló júwe ilé oúnjẹ àwọn ará gúúsù Íńdíà fún mi ní Tucker, níbi tí wọ́n ti ń se ìrẹsì nínú ìkòkò amọ̀. Mo gbé Màmá sínú ọkọ̀. Àròyé ni títí a fi débẹ̀.

Ìkòkò dé, Màmá ṣí ọmọrí. "Ewé gbígbẹ nìyí! Èèpo igi nìyí! Ṣé àgbo ni wọ́n sè fún mi?" Wọ́n ń ṣa èròjà tí wọ́n fi se ìrẹsì náà jáde bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Inú bí mi, mo kọjú sí fèrèsé. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ìró ṣíbí. Wọ́n ti dé ìdí ìkòkò, wọ́n ń ha á! Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fẹ́ palẹ̀ mọ́, Màmá di ìkòkò mú: "I never finish o!"

Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ni wọ́n bá dìde, wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n kọrí sí kíṣìnì onílé oúnjẹ.

"Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ta ló jẹ ìdí ìkòkò? Ṣé èmi kọ́ ni?"

Mo ń fa ìkòkò, wọ́n ń fà á, gbogbo èèyàn ń wò wá. Yéè, ojú tì mí! Obìnrin náà ló rẹ́rìn-ín tó rọra gbà á lọ́wọ́ wa.

Mo ra ìkòkò amọ̀ tèmi lọ́sẹ̀ yẹn. Lánàá mo fi se ìrẹsì, mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jó nídìí. Màmá jẹ ẹ́ kanlẹ̀, wọ́n ti ìkòkò sí mi, wọ́n lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo rán wọn létí òfin. Wọ́n ní nílé àwọn nìyẹn, ilé ọmọ làwọn wà báyìí.

Nígbà yẹn, èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́ tí mo máa ń sá. Nísinsìnyí, ta ni màá ní kó kúnlẹ̀, kó gbé apá sókè? Mo gbé ìkòkò lọ sí síńkì, mò ń kùn, mò ń fọ̀ ọ́. Kò sí hóró ìrẹsì kan nínú rẹ̀.