Ẹrú Tanti Awa

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní Wagadugu, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á yìí, ẹ̀yìn ìyá yín lẹ ṣì wà. Mo dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì Baba Rasmané, mò ń wo bí Tanti Awa ṣe ń fún un lẹ́kọ jéró. Nọ́ọ̀sì ni àwa méjèèjì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò Cissin. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu baba náà. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, ó sì ti ń fi ọ̀pá gbẹ́sẹ̀, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń mì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ gbígbé mì ṣì le fún un. Bí a kò bá gbé e jókòó dáadáa, kí ó fi àgbọ̀n kan àyà, ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ó sì pa á. Ọwọ́ òsì rẹ̀ dá ṣáṣá, àmọ́ kò jẹ́ fi òsì jẹun láé. Torí náà, àwa la ń fún un jẹ.

"Jẹun, ẹrú mi," ni Tanti Awa wí. "Ta ni yóò ra ẹrú tó rù?"

"Ìwọ... lẹrú," ni baba dá a lóhùn. "Ajẹ-orí-ajá."

Ẹ má lanu. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débi iṣẹ́ yẹn, èmi ni mo fẹjọ́ Tanti Awa sun dókítà pé ó ń bú àgbàlagbà. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀yà Sámò ni Tanti Awa, ẹ̀yà Mosi ni baba, àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n fi àwàdà yẹn sílẹ̀ fún wọn, àti pé ẹni tó bá bínú sí i ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Ojú tì mí gan-an. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ṣàkíyèsí pé ẹnu tí baba kì í là fún dókítà, èébú Tanti Awa ló ń ṣí i.

Ṣíbí kẹta ṣì wà lọ́wọ́ Tanti Awa nígbà tí ìbọn dún. A kọ́kọ́ rò pé páànù ni wọ́n ń já sílẹ̀ láti orí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì, tí gíláàsì fèrèsé fọ́ wọlé. Ẹni tó lè rìn sá. Àwọn ẹbí ń pọn aláìsàn wọn, wọ́n ń gbé wọn sórí alùpùpù. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ku àwa mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Lukman, tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Dapoya, pè mí.

"Sìdí, máa bọ̀ nílé kíá!"

"D'accord, Bùrọ̀dá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn kan ló kù, kò lè sá."

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ lè sá!"

Ẹ̀rọ gé mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ìgbà náà, kò sí fóònù tó wọlé mọ́.

A gbé baba sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ní wákàtí méjì méjì, à ń yí i padà kí egbò má baà jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìbọn bá ró, a ó dọ̀bálẹ̀. Bó bá dá, a ó dìde, a ó máa bá iṣẹ́ wa lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ìyẹ̀fun tán. Búrẹ́dì gbígbẹ tó kù, ọ̀fun baba kò lè gbà á. Tanti Awa wé gèlè rẹ̀.

"Jéró wà nílé mi ní Samandin. Mò ń bọ̀."

Mo di ìró rẹ̀ mú. "Tanti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Ó wo baba. "Ẹrú mi, o ò gbọdọ̀ kú kí n tó dé o. Mi ò ráyè ìsìnkú lónìí."

"Yára... ọ̀lẹ," ni baba wí.

Kò dé lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹta, aládùúgbò kan na ìyẹ̀fun díẹ̀ sí mi lórí ògiri. Mo ní, "Barka," bí wọ́n ti ń dúpẹ́ ní Moore, èdè àwọn Mosi, mo sáré se ẹ̀kọ. Baba pa ẹnu dé. Ilẹ̀kùn ló ń wò. Mo kúnlẹ̀: "Baba mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi." Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀bẹ̀ sì ni ẹ̀ṣọ́ tí mo kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Baba di ojú. Ètè rẹ̀ ti bó, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù. Mo mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú kó tó jẹun, ó lè bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo dìde. Mo fi èdè Moore mi tó wọ́ pariwo lé e lórí: "Ẹrú Tanti Awa, la ẹnu! Ṣé kí n sọ fún un pé ẹrú rẹ̀ kú sí mi lọ́wọ́ ni?"

Mo rò pé yóò ṣépè fún mi. Ó la ojú kan.

"Ìwọ... kì í ṣe Sámò."

"Èmi kì í ṣe Sámò. Ó fi yín sílẹ̀ fún mi ni."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan gbọ̀n. Ó rọra fi àgbọ̀n kan àyà. Ó mu ṣíbí mọ́kànlá, èmi sì ń sunkún.

Ọjọ́ kẹrin ni ìbọn dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ dé, òun ló mú ìròyìn wá. Ìbọn tí kò mọ ẹni tó ń wá ló pa Tanti Awa lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun tó dì sínú gèlè lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ fún baba, ó kọjú sí ògiri. Mo ní ó tán. Ó yí padà, ó na ọwọ́ òsì sí ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ gbé mi... lọ síbẹ̀."

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ keje, a gbé e dé Samandin. Kò gba ọwọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọ̀pá wọ́ ẹsẹ̀ kọjá àgbàlá, lójú àwọn aáfà.

"Ẹrú mi dà? Mo rán an ní ìyẹ̀fun... kò tíì dé! Ọ̀lẹ! Ẹ lọ jí i!"

Ìtìjú fẹ́ẹ̀ pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Tanti Awa fi ẹ̀rín bú sẹ́kún. "Ta ló jẹ́ kí ẹrú wa yìí wọlé?" Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn. Mosi kan tí yóò wá bú òkú bí àṣà ni wọ́n ti ń retí, kí wọ́n tó lè sunkún bó ṣe yẹ.

Ọmọ Tanti Awa gbé ẹ̀kọ wá, ó ní ìyẹ̀fun inú gèlè náà ni. Baba jókòó, ó na ẹ̀yìn, ó fi àgbọ̀n kan àyà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ṣíbí. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ẹ̀kọ ń dà sí i láṣọ. Mo dìde láti ràn án lọ́wọ́, mo sì padà jókòó. Ẹ̀rín ti dá. Kò sí ìbọn. Ṣíbí tó ń kan etí abọ́ nìkan là ń gbọ́.

Ó jẹ ẹ́ tán.