Ohun Tí Mo Sọ fún Kẹ́hìndé Láti Gránádà

Òórùn àkọ́kọ́ tí mo rántí ní Gránádà, ìlú àtijọ́ kan nílẹ̀ Sípéènì, ni ti èso kan tí wọ́n ń sun lórí iná èédú lẹ́bàá títì. Ó jọ òórùn ànàmọ́ sísun, ṣùgbọ́n ó dùn jù ú lọ. Oṣù Kejìlá ni, òtútù sì mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu wa bí a bá ti ń sọ̀rọ̀. Dádì na ìka méjì sí obìnrin tó ń sun ún, ó sì dì í sínú bébà méjì. Wọ́n gbé ọ̀kan fún mi, wọ́n ki èkejì bọ àpò kóòtù wọn.

"Ti Kẹ́hìndé nìyí," ni wọ́n wí.

Kẹ́hìndé wà nílé wa ní Kemta, l'Abẹ́òkúta, ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi POP dì sórí àga.

Ìbejì ni wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wá nígbà náà. Ohunkóhun tí wọ́n bá rà fún wa, méjì ni: bàtà méjì, báàgì ilé-ìwé méjì, wàláà ilé-kéwú méjì. Ìyẹn ò bí mi nínú. Ohun tí mi ò tíì rí gbà rí ni Dádì nìkan, láìsí ẹnikẹ́ni láàárín wa. Táìlì ilẹ̀ àti ti ògiri ni Dádì ń tà ní Láfẹ́nwá. Wọ́n ti ṣèlérí pé bí àwa méjèèjì bá yege ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn yóò mú wa lọ wo ìlú tí àwọn ọba Mùsùlùmí ti jẹ rí. A yege. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká lọ, Kẹ́hìndé yọ̀ ṣubú lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ìyá wa ní àwọn yóò dúró tì í. Kẹ́hìndé sunkún, mo bá a sunkún. Mo ti yẹ ẹkún yẹn wò láìmọye ìgbà. Kì í ṣe ẹ̀tàn, àmọ́ lábẹ́ rẹ̀, mo ń ka ọjọ́: ọjọ́ mẹ́rin, èmi àti Dádì.

Ní ọjọ́ kejì, a gun òkè lọ sí ààfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Alhambra. Bí ẹni tó fẹ́ ra ọjà ni Dádì ṣe ń wo àwọn ògiri. Wọ́n nawọ́ kan táìlì kan, olùṣọ́ sì mi ìka sí wọn.

"Má bínú, ọ̀gá," ni wọ́n dá a lóhùn ní Yorùbá, "mo fẹ́ mọ bó ṣe nípọn tó ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń ka èdè Lárúbáwá tó wà lára ògiri fún mi, díẹ̀díẹ̀, pé kò sí aṣẹ́gun kan àfi Ọlọ́run. Mo ń kà á tẹ̀ lé wọn. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni!

"Wò ó dáadáa o, Táyé," ni wọ́n wá wí. "Kẹ́hìndé ló rán ẹ wá."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìbejì mọ ohun tí mò ń wí: pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò ṣáájú kó lọ tọ́ ayé wò. Nílé, Kẹ́hìndé fi ń yọ mí lẹ́nu: "Lọ gbé bàtà mi wá jàre, àbí èmi kọ́ ni mo rán ẹ wáyé?" Mi ò lè sọ bóyá Dádì gbà á gbọ́, torí Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun kíkí ṣeré ni wọ́n. Ohun tí mo lè sọ ni pé wọ́n sọ ọ́ níwájú ìsun omi tí ère kìnnìún méjìlá yí ká, wọ́n sọ ọ́ nínú ọgbà, wọ́n tún sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò mi. Ìrìn àjò tí mo rò pé tèmi ni ti di iṣẹ́ tí ẹlòmíràn rán mi.

Níkẹyìn, a gun ilé ìṣọ́ gíga kan. Yìnyín bo orí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, ó funfun báláú, gbogbo ìlú sì tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ wa. Dádì gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a jọ ń wò ó. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé Kẹ́hìndé. Wọ́n bá yọ fóònù, wọ́n pe ilé, wọ́n sì gbé e fún mi. Nẹ́tíwọ̀kì ò gbé fídíò, ohùn nìkan ló ń wọlé.

"Táyé! Kí lo rí níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan," mo ní. "Àpáta ni, àti òrùlé pupa. Bíi ti Abẹ́òkúta náà ni. Òtútù sì ń pa mí."

Àpáta wà lóòótọ́, òrùlé wà, òtútù wà, síbẹ̀ irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó ní ìpín nínú ohun tí mò ń wò.

Kẹ́hìndé tún bi mí: "Wàláì?"

"Wàláì."

"Alhamdulilai," ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti rò pé ẹ̀ ń gbádùn ni."

Dádì gba fóònù, wọ́n pa á. Wọ́n wò mí pẹ́, mo sì ń retí ìgbájú. Àfi bí omi ṣe lé ròrò sójú wọn. "Ọmọ gidi ni ọ́, Táyé. O ò fẹ́ kó dun ẹ̀gbọ́n rẹ pé kò bá wa wá." Wọ́n fà mí mọ́ra. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún wọn. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fi ojú pa mọ́ sára kóòtù wọn.

Láti ìgbà náà ni Dádì ti ń ròyìn oore mi yẹn fún gbogbo ayé. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí àwọn ẹbí wá bá wa ṣàdúà pé àwa méjèèjì ti parí yunifásítì, Dádì tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ní pálọ̀. Èmi àti Kẹ́hìndé wà ní kíṣíìnì, à ń fọ abọ́, à ń gbọ́ wọn.

"Owú mi lò ń jẹ lọ́jọ́ yẹn, àbí?" ni Kẹ́hìndé bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ tipẹ́. Èmi náà ṣáà dúpẹ́ pé kò dùn mọ́ ẹ níbẹ̀ ni. Ṣé ká lọ sọ fún wọn?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ní àwáwí: kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é. Èmi mọ̀ ọ́n báyìí. Mo lè tú u palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tiẹ̀ mọ̀ pé ìfẹ́ Dádì sí mi ò ní dín bí wọ́n bá gbọ́. Síbẹ̀, mo di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú tòun ti ọṣẹ.

"Jọ̀ọ́, má sọ."

Dádì ń pè mí láti pálọ̀ pé kí n wá kí àlejò kan tó fẹ́ mọ Táyé inú ìtàn náà. Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ, mo sì kúnlẹ̀ kí àlejò náà.