Ilẹ̀kùn Tí Mo Fẹ́ Ṣí

Òórùn èèpo àgbọn tí wọ́n rẹ sómi ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àdó, lọ́nà Ajah. Á gún un, á fọ̀ ọ́ títí iyọ̀ inú rẹ̀ á fi tán, kó tó wá pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, tí kò gbóná mọ́. Iyanrìn ló kúkú yí wa ká, àfi ká ṣe ilẹ̀ tiwa fúnra wa. Inú rẹ̀ la gbin ata rodo sí, nínú àwọn tíréè fóòmù tó wà lórí búlọ́ọ̀kù nínú gíríìnháòsì wa, ilé onínẹ́ẹ̀tì tá a kọ́ fún ọ̀gbìn. Àwọn tá a kọ́kọ́ gbìn ti kú. Èmi tí mo fiṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ wá bá a ti sọ ọ́ jáde pé bí ìwọ̀nyí náà bá kú, mo ń padà lọ bẹ ọ̀gá mi nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi, ara mi ò balẹ̀ rárá. Bí mo bá jí, màá lọ wò wọ́n. Bí mo bá jẹun tán, màá tún lọ wò wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa kí ẹ káàárọ̀ ni?"

Àfi bí òjò ṣe rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ kan. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, omi ti dé orúnkún. A la omi kọjá lọ sí gíríìnháòsì. A wọlé, a ti ilẹ̀kùn. Àwọn àpò yẹ̀pẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti rì pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn tíréè wa léfòó! Èèpo àgbọn fúyẹ́. Ata dúró ṣánṣán lórí wọn, wọ́n ń yí kiri lójú omi. Mo sáré padà sídìí ilẹ̀kùn láti ṣí i, kí omi lè rọ́nà jáde.

"Má ṣí i o!" Ẹ̀gbọ́n mi ti figbe ta. "Gọ́tà ló máa gbé gbogbo wọn lọ! Please, dúró jẹ́ẹ́."

"Àǹtí mi, ṣé ká kàn máa wò ó ni?"

"Ká máa wò ó. Omi á gba ojú nẹ́ẹ̀tì jáde. Ata ò lè gbabẹ̀."

La bá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Àwọn tíréè ń kọlù wá lẹ́sẹ̀, wọ́n ń padà lọ, wọ́n tún ń bọ̀. Ọwọ́ ń yún mi, ẹsẹ̀ ń yún mi. N kò tíì ṣiṣẹ́ tó le tó ìdúró yẹn rí. Ọ̀sán ti pọ́n kí omi tó fà, tí àwọn tíréè wá ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan síbi tó bá wọn dé. Ata tó bàjẹ́ nínú wọn ò tó nǹkan.

Mi ò padà sí ọ́fíìsì. Má rò pé ara mi ti wá balẹ̀ o. Títí dòní, bí òjò bá ti ṣú báyìí, mo ti dé ìdí ilẹ̀kùn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo máa ń fi tì í.