Filà Tí Mo Fi Bo Irun Ọmọ Mi

Ní ọjà Savalou, níbi tí mo ti máa ń ta ilá gbígbẹ àti ata, kò sí ẹni tí kò mọ ọmọ mi ọkùnrin. Ẹ̀yìn ọjà náà ló ti ń ránṣọ, lábẹ́ ọ̀gá kan tó máa ń rán aṣọ kakí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, á wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti máa ń rí i, nítorí irun rẹ̀ ti gùn dé èjìká, ó sì máa ń fi gígé aṣọ dì í sẹ́yìn.

"Ìyá Bantè!" ni obìnrin Mahi tó ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń pè mí, nítorí ìlú Bantè ni ilé wa. "Ọmọbìnrin yín ti ń bọ̀ o! Ẹ bá a wá onídìrí."

Ìkejì rẹ̀ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Onídìrí kẹ̀? Ọkọ ni kí wọ́n bá a wá!"

Wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó bá bínú lọ́jà ni wọ́n máa ń bú jù. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Mo máa ń yára bu oúnjẹ rẹ̀ kó lè tètè jẹ, kó tètè máa lọ. Bí a bá jọ ń lọ síbi ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, èmi á ṣáájú, bí ẹni pé ẹrù orí mi ló ń lé mi. Òun náà mọ̀. Kò sáré bá mi rí.

Kì í ṣe oge ló fi irun náà ṣe. Àìsàn kan ti ṣe é tẹ́lẹ̀ tí ikùn rẹ̀ wú, tí a gbé e kiri títí dé Akpassi, tí owó tán, tí ara kò yá. Àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun ní Bantè ló gbà á sílé. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbààwẹ̀ fún un, wọ́n gbàdúrà lé e lórí títí ó fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọjọ́ tó dìde ló lọ síwájú pẹpẹ, láìbi ẹnikẹ́ni, ó ní abẹ kò ní kan orí òun mọ́ títí Ọlọ́run yóò fi fún òun lọ́mọ. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, mo tiẹ̀ ń sunkún. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú tán tó wá jí, kí ni kò ní ṣe àmín sí?

Nínú ìjọ, kò sóhun tí irun yẹn ṣe. Àwọn ọkùnrin mìíràn wà níbẹ̀ tí tiwọn gùn ju tirẹ̀ lọ, àgbà wà nínú wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo bá rí i pẹ̀lú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, tí irun rẹ̀ bo ẹ̀yìn ọrùn, ọkàn mi á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, ìjọ kì í sì í bọ́ni.

Ìgbà ìjọba àwọn ológun ni, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kámárádì. Ilé-ìwé kò fẹ́ irun rárá. Àti ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n ń gé tiwọn mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ kan rí fọ́nrán irun gígùn kan nínú kọ́là kakí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún ọmọ rẹ̀. Ó mú un lọ bá ọ̀gá aránṣọ, ó nà án sókè bí ẹni tó mú ejò. Ọ̀gá náà wò ó, ó wo ọmọ mi.

Ó ní, "Gé e lónìí, kí o wá jókòó sídìí máṣìn-ìn rẹ lọ́la. Bí o kò bá gé e, má wá."

Kò gé e, kò sì padà lọ. Ó wá iṣẹ́ olùṣọ́ lọ sí ọ́fíìsì kan. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ní, "Kámárádì onírun, ta ni yóò máa ṣọ́ ìwọ fúnra rẹ?" Ó wá iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ kápẹ́ńtà kan, ìyẹn ní òun kò fẹ́ wòlíì nínú igi òun.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé a ti tọrọ ìyàwó fún un ní Atokoligbé. Bàbá ọmọbìnrin náà gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi nílé. Ó mu omi, ó kí mi dáadáa, ó wá sọ̀rọ̀.

"Àna mi, mi ò kórìíra ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò lè máa bọ́ ọkọ, kó tún máa dì í nírun. Bí iṣu tuntun bá jáde tí kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ gbàgbé ẹ̀."

Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó, mo rò ó. Irun ni kò jẹ́ kó ríṣẹ́. Àìríṣẹ́ ni kò ní jẹ́ kó fẹ́yàwó. Bí kò bá sì fẹ́yàwó, níbo lọmọ yóò ti wá, tí irun yóò fi kúrò? Mo pè é, mo ní kó gé e, kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn náà.

Ó ní, "Ìyá mi, Ẹni tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún kì í gbé Savalou."

Kò pariwo. Kì í pariwo mọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni mo rántí bàbá arúgbó kan ní Bantè níbí, Mùsùlùmí, aránṣọ ni. Agbádá àti jàlàbíà ló ń rán, tó ń fi òwú ṣe ọnà sí wọn lọ́rùn, àwọn ènìyàn sì ń ti Savalou wá síbẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń dé filà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Mo ní, ibi tí gbogbo orí bá ti dé filà, ta ni yóò bi orí kan pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀? Ọgbọ́n tó dé bá mi nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi nínú.

Mo ra filà funfun kan, mo tú etí rẹ̀, mo fi aṣọ kún un kó lè gbòòrò. Mo ká irun náà jọ sórí rẹ̀ bí òṣùká, mo wá fi filà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ìyá, ó ń fún mi."

"Àìríṣẹ́ fún ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dúró jẹ́."

A dé ṣọ́ọ̀bù náà, Bàbá sálámà sí wa. Mo dá a lóhùn bí mo ti máa ń dá àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ Mùsùlùmí lóhùn lọ́jà. Ó wo filà, ó fún ọmọ mi ní aṣọ pé kó ṣẹ́ etí rẹ̀. Ọmọ mi ṣẹ́ ẹ. Bàbá yí aṣọ náà sódì, ó fi èékánná họ ojú ìránṣọ, ó mi orí.

"Ìyá, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kó máa bọ̀."

Mo dúpẹ́ títí mo fi dé ilé.

Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n bá pe ìrun, ọmọ mi á ní òun ń lọ sẹ́yìn ilé, kò ní í padà títí wọn yóò fi kírun tán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ dé. Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sàn-án yẹn. Mo bá wọn níta, tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Kí ọmọ mi tó dìde láti sá lọ, Bàbá fúnra rẹ̀ ti gbé kẹ́tù omi.

"Wá, jẹ́ kí n bá ọ da omi. Ìwọ ni àlejò wa."

Àgbà ló bu omi fún un, kò lè kọ̀. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ẹnu, ó fọ ojú, ó fọ apá dé ìgbọ̀nwọ́. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní yóò kan ẹsẹ̀, yóò sì parí. Èmi tí mo ti ń bá Mùsùlùmí tajà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ni mo rí i pé wọ́n ń fọ̀. N kò fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń ṣe láàárín méjèèjì.

Bàbá ní, "Ó ku orí. Ṣí filà."

Ọmọ mi wo èmi. Gbogbo wọn tẹ̀lé ojú rẹ̀, wọ́n wo èmi náà. Ó ṣí i. Irun náà tú, ó wó wálẹ̀ sí i lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀.

"Yéè!" ni ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ náà wí. "Bàbá, ìyàwó lẹ gbà síṣẹ́!"

"Ṣebí mo ní kí ló dé tí orí ẹ̀ fi tóbi tó bẹ́ẹ̀!" ni òmíràn wí. "Mo rò pé ọgbọ́n ni!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ara wọn mú. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀.

"Ìyá, ọmọ yín kì í ṣe Mùsùlùmí?"

"Rárá, Bàbá. Aláṣọ funfun ni."

"Ta ló dé filà fún un?"

"Èmi ni."

Abọ́ oúnjẹ wà lórí mi. N kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, n kò sì lè gbé e lọ. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́sàn-án yẹn, tèmi tabọ́ ni à bá wọlẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń tì mí lójú tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú ti ọjọ́ yẹn, tèmi fúnra mi ni. Ọmọ tó ní irun lórí dúró gangan. Èmi tí mo bò ó ni orí mi wálẹ̀.

Ó dá Bàbá lóhùn fúnra rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Irun ẹ̀jẹ́ ni."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí n ó fi bímọ."

"O ti níyàwó?"

"Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ níṣẹ́."

Bàbá wá rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, díẹ̀. Ó kọjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀.

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, ta ló máa ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí bí a bá lọ mọ́sálááṣí?"

Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn:

"À ń tì í ni. Àwọn tó ti Savalou wá gba aṣọ á kan ilẹ̀kùn títí, wọn á bú wa, wọn á lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí ẹnì kan tí kì í kírun wà láàárín yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń kírun nìkan lẹ kún ibí." Ó na gígé aṣọ kan sí ọmọ mi. "Dì í dáadáa, kó má já sínú òwú. Jókòó, bá wa ṣọ́ ilé. Lọ́jọ́ Àìkú, máa lọ sí tìrẹ, àwa á ṣọ́ ọ."

Lẹ́yìn náà ló mú filà náà nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Ìyá, ẹ gba filà yín. Irun kì í ba aṣọ mi jẹ́."

Wọ́n kó àwọn bàtà wọn, wọ́n lọ. Ó ku èmi àti ọmọ mi. Mo sọ abọ́ kalẹ̀. Ó jẹun, n kò lè wo ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìyá, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lórí." Ìyẹn nìkan ló wí nípa rẹ̀, láti ìgbà yẹn di òní.

Iṣu tuntun jáde. Àna mi gun kẹ̀kẹ́ dé láti Atokoligbé, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì bọ́ sí, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ kírun. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù náà kó tó wá sọ́dọ̀ mi. Ó bá onírun nìkan láàárín agbádá tí wọ́n fi kọ́ káàkiri ògiri, tó ń gba àlejò, tó ń fún wọn láṣọ.

Nígbà tó dé ilé mi, ó jókòó, ó ń nu òógùn ojú.

"Àna mi, ẹni tí wọ́n fi gbogbo ilé sílẹ̀ fún, mi ò lè sọ pé kò níṣẹ́. Ẹ wá mú ìyàwó yín. Ṣùgbọ́n irun yẹn, ẹ sọ fún un kó tètè bímọ o!"

Ó bímọ. Ọjọ́ tí a sọ ọmọ náà lórúkọ ni àgbà ìjọ gé irun bàbá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó bá mi gbé ẹrù lọ sí Savalou, orí rẹ̀ ń dán.

Obìnrin oníyọ̀ náà pariwo, "Ìyá Bantè, ọmọkùnrin yín ti dé o!"

N kò bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo ní òun náà ni, òun kan náà ni.

Filà náà ṣì wà. Ó nípọn, nítorí aṣọ tí mo fi kún un, n kò sì lè sọ ohun tó dára nù. Òun ni mo fi ń di ìkòkò gbígbóná mú kúrò lórí iná. Ìyàwó ọmọ mi bá a ní ìdí àdògán níjọ́ kan, tó ti dúdú pátápátá.

"Ìyá, filà ta rèé?"

Mo yí ojú sí iná.

"Ti ìkòkò ni."