Ṣawerepèpè Létí Ìró

Bí mo bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi ní Ìkọ̀sí, kí n tó dìde, wọ́n á ti máa já koríko létí ìró mi.

"Ṣawerepèpè nìyí, ìyàwó mi. Wo èso rẹ̀, ó ní ìkọ́ wẹ́wẹ́. Abẹ́ igi tí oòrùn kì í dé ló máa ń hù sí. Ẹ̀yìnkùlé lo tún gbà wọlé."

"Ẹ má bínú, Mummy. Ọ̀nà ibẹ̀ ló yá."

Lánàá, a sin Mummy sí ẹ̀yìnkùlé náà, lábẹ́ igi. Mi ò sunkún. Nígbà tí a wọlé, ọkọ mi tọ́ka sí etí ìró mi.

"Kí lorúkọ eléyìí ná?"

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Má já a."