Ìyá Àfẹ́sọ́nà Mi Ò Jẹ Ọbẹ̀ Tí Mo Sè

Ẹ gbà mí o, ìyá àfẹ́sọ́nà mi ń bẹ̀rù mi!

Àárọ̀ yìí lèmi àti Dàpọ̀ wọkọ̀ ojú omi wá sí Awoye, ìlú wọn, kí wọ́n lè mọ̀ mí. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n wò mí títí.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo fi májèlé sóúnjẹ ọkọ rẹ nínú fíìmù?"

"Eré ni, Mà."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Àmọ́ ọwọ́ rẹ ò gbọ̀n."

Ipa ìyàwó burúkú nìkan ni wọ́n máa ń fún mi. Bí mo bá kọ̀ ọ́, kò síṣẹ́ mìíràn.

Mo se ọbẹ̀ ẹja tútù, mo ro púpurú. Màmá ò fọwọ́ kàn án. Mo fara mọ́ ìyẹn. Àmọ́ Dàpọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi, jókòó ti abọ́ tirẹ̀, ó ń wò mí. Ìgbà tí mo gbé òkèlè kìíní mì ló tó bu tirẹ̀.

Omi ló yí ilé yìí ká, ọkọ̀ tó kẹ́yìn sì ti lọ. Mo ti tilẹ̀kùn yàrá mọ́ra mi, Dàpọ̀ ń kàn án, ó ń bẹ̀bẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa ṣí i?